Sányán, àlàárì, ẹtù, àbí ṣáínì-ṣáínì: èwo ni kí ẹ gbé?

Nígbà tí ìdílé wa fẹ́ fi bàbá mi joyè, èmi ni wọ́n ní kí n lọ ra aṣọ. Ó ku oṣù kan péré. Mo wọ ọjà, mo dé ìsọ̀ tí wọ́n júwe fún mi, aláṣọ fa òfì (aṣọ òkè) kan yọ, àwọ̀ rẹ̀ rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó ní, "Sányán gidi nìyí o. Bàbá yín á mọ̀ ọ́n lára." Mo ná an títí, mo sanwó, mo gbé e délé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìyá bàbá mi ò ríran dáadáa mọ́ nígbà yẹn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba aṣọ náà, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ra etí rẹ̀ bí ẹni ń ra iyọ̀ sọ́bẹ̀. Kò pẹ́ rárá. "Òwú ni," wọ́n ní. "Wọ́n kàn pa á láwọ̀ dà ni."

Wọ́n wá ní kí àǹtí mi ṣí àpótí. Abẹ́ àwọn ìró àtijọ́ ni agbádá bàbá àgbà wà, òórùn káńfọ̀ sì kọlù wá kí aṣọ náà tó yọjú. Mo gbé e, ó wúwo lọ́wọ́ mi bí ọmọ tó ti sùn. Àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba: ibì kan pọ́n díẹ̀, ibì kan ṣá. Fọ́nrán rẹ̀ náà ò dọ́gba, ó nípọn níhìn-ín, ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Nínú yàrá kò dán rárá. Ìgbà tí mo gbé e dé ojú fèrèsé ni mo tó rí i pé ó ń kọ mànà díẹ̀díẹ̀, bí omi ìsàlẹ̀ kòtò tí oòrùn bá kàn.

Láti ọjọ́ náà, mi ò bi aláṣọ kankan ní iye owó mọ́ kí n tó bi í pé: fọ́nrán wo ló wà nínú rẹ̀? Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ wa nìyí: orúkọ tó jẹ́ ti fọ́nrán tẹ́lẹ̀ ti di orúkọ àwọ̀. Òfì aláwọ̀ ilẹ̀ èyíkéyìí, sányán ni wọ́n ń pè é lónìí. Pupa èyíkéyìí, àlàárì. Búlúù tó dúdú, ẹtù. Aláṣọ tó tà á fún mi lè má purọ́ lójú ara rẹ̀. Àwọ̀ ló ń tà, èmi sì ń san owó fọ́nrán.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ká tó gbé wọn kalẹ̀ pọ̀.

Sányán

Àfòpiná kan wà nínú igbó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe. Irú rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi orúkọ Alfred Moloney sọ, ẹni tó jẹ gómìnà Èkó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ àfòpiná yìí kì í dá kọ́lé. Wọ́n á kó ara wọn jọ sórí igi, igi bí ìrà, wọ́n á jọ hun àpò kan tí gbogbo wọn á wọ̀, kí oníkálùkù tó wá hun ilé tirẹ̀ sínú àpò ńlá náà. Àpò yìí le bíi páálí, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, irun ara kòkòrò sì kún inú rẹ̀. Irun yẹn ń yúnni bíi wèrèpè. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ sányán ti mọ̀ pé òun máa họra.

Ibẹ̀ ni sányán ti yà sọ́tọ̀ sí ṣẹ́dà tí Bíbélì ń sọ, èyí tí àwọn ará Ṣáínà kọ́kọ́ mú jáde. Kòkòrò ti Ṣáínà, ilé ni wọ́n ti ń sìn ín, ẹyọ kan ló ń gbé ilé kan, fọ́nrán tó fi kọ́lé náà kò já. Wọ́n lè fà á láti orí dé ìdí, kó gùn tó mítà 600 sí 900. Ti igbó wa ò ṣe é fà bẹ́ẹ̀, torí ó ti dì mọ́ra wọn. Omi eérú ni wọ́n máa ń sè é sí títí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ yóò fi rọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ ràn án bí ìgbà tí wọ́n ń ran òwú. Ìdí tí sányán gidi fi pọ́n níbì kan, tó ṣá níbòmíràn nìyẹn, òun náà ló fa àìdọ́gba fọ́nrán rẹ̀. Ìdí tí kò fi ń dán yanran bí ṣẹ́dà òkèèrè náà nìyẹn. Ẹni tó bá gbé sányán tó ń dán gbinrin fún yín, ẹ bá a dúpẹ́, kí ẹ sì máa lọ.

Àwọn Haúsá náà ní in. Tsamiya ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe igi àjàgbọn, torí orí igi yẹn ni wọ́n ti ń ká a lọ́dọ̀ tiwọn. Láti òkè lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú èyí tí àwọn ahunṣọ wa lò ti ń wá, pàápàá àwọn ti Ìlọrin.

(Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Àwọn ibì kan wà nílẹ̀ wa tí wọ́n ti ń jẹ kòkòrò irú èyí. Wọ́n ní ó dùn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti rí i pé ó ní ohun kan nínú tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ò ní èròjà tó tẹ́lẹ̀, tó wá jẹ ẹ́, lè máa gbọ̀n, kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ẹmu. Ẹ jẹ́ ká fi ṣaṣọ.)

Ta ni sányán yẹ? Ẹni tó fẹ́ aṣọ tí ọmọ rẹ̀ yóò wọ̀, tó sì ní sùúrù láti wá a. Lóòótọ́ ni a máa ń sọ pé sányán baba aṣọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ká ilé kòkòrò yìí ti dín kù gan-an, àwọn ìyá tó mọ bí wọ́n ṣe ń ràn án náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá dé ìsọ̀ tí wọ́n to agbádá sányán tuntun mẹ́wàá jọ bí ìwé, ẹ mọ̀ pé òwú tí wọ́n pa láwọ̀ dà ni. Ibi tí mo ti ń rí ojúlówó lónìí, inú àpótí àwọn àgbà ni, tàbí lọ́wọ́ ahunṣọ tí ẹ bẹ̀ níṣẹ́, tí ẹ sì fi oṣù díẹ̀ dúró dè.

Àlàárì

Orúkọ àlàárì gan-an gun ràkúnmí wá. Àwọn Lárúbáwá ń pe ṣẹ́dà ní al-harir, àwọn Haúsá sọ ọ́ di alharini, ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa ó di àlàárì. Ọ̀nà tí orúkọ náà gbà ni ẹrù náà gbà. Àjákù ṣẹ́dà láti etí òkun Mẹditaréníà ni, wọ́n ti pa á ní pupa, wọ́n dì í sórí ràkúnmí, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Kánò, ó sì gba Kánò sọ̀ kalẹ̀ sí Ìlọrin. Heinrich Barth, ará Jámánì tó dé Kánò lọ́dún 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrù ràkúnmí bí 300 sí 400 ni ṣẹ́dà pupa tó ń wọ ìlú náà lọ́dọọdún láti Trípólì. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó wọ àlàárì nígbà yẹn, owó ràkúnmí, owó oníbodè àti owó ewu ọ̀nà ló dà bora.

Pupa rẹ̀ kì í ṣe pupa ata. Ó ní èsè àlùkò díẹ̀ nínú, ó jinlẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé ó gbóná. Lọ́dún 1859 ni àwọn òyìnbó ṣe aró inú ilé-iṣẹ́ tó ní irú pupa yẹn, tí wọ́n sọ ní magenta. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wá dé Kánò ní nǹkan bí 1911, tí ẹrù ń gba orí òkun wọlé, ọ̀nà ràkúnmí kú. Lẹ́yìn náà ni réyọ́nù dé, fọ́nrán tí ilé-iṣẹ́ ń fi igi ṣe, ó pupa bákan náà, ó dán jù ú lọ, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ahunṣọ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ṣẹ́dà lọ́wọ́ yín lórí àlàárì tuntun. Àwọ̀ ni wọ́n ń tà. Tí àwọ̀ náà bá wù yín, ẹ ra á gẹ́gẹ́ bí àwọ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀; pupa yẹn máa ń yọ lára ìyàwó tuntun lójú gbogbo àwùjọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ògbólógbòó ẹ̀wù tí ìlà pupa wà láàárín òwú rẹ̀, ẹ wo ojú ìlà náà dáadáa. Ìlà yẹn nìkan lè jẹ́ ṣẹ́dà gidi nígbà tí ìyókù jẹ́ òwú. Ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí télọ̀ kankan gé e.

Ẹtù

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, kí n fi ìyókù sílẹ̀, ẹtù ni n óò mú. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní òwú lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni, òwú ni, òwú ló sì ti jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tó jẹ́ àgbà yìí, òun nìkan ni fọ́nrán rẹ̀ kò yí padà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ohun tó yí padà ni aró.

Wọ́n pè é ní ẹtù nítorí ẹyẹ ẹtù, èyí tí ara rẹ̀ dúdú tí funfun ta sí i lára tó-tò-tó. Aṣọ náà dúdú bẹ́ẹ̀, ìlà tín-ín-tìn-ín funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ là á kọjá, tí ẹ bá dúró lókèèrè ẹ ò ní rí i. Ewé èlú ni wọ́n fi ń ṣe aró rẹ̀. Wọ́n á gún ewé náà, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á rẹ ìṣù èlú sínú ìkòkò, wọ́n á sì dúró de ọjọ́ tó máa jinná. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe òórùn tí èèyàn ń gbàgbé. Tí aláró bá fa òwú yọ nínú ìkòkò, ewéko tútù ni àwọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, kí ẹ tó ka ogún, ó ti ń di búlúù níṣojú yín. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Wọ́n á gbé e gbẹ, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún gbé e gbẹ. Bí wọ́n bá ṣe rì í tó ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe máa dúdú tó, òun náà sì ni owó rẹ̀ ṣe máa wọ́n tó. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni, Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, ni wọ́n sì ń ké pè kí aró má bà á bàjẹ́.

Lọ́dún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró èlú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Ó yá, ó rọrùn, ó wọ ìlú wa, ọ̀pọ̀ aláró sì gbà á. Ṣé ojú lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Tèmi ò lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú lè mọ̀ ni bóyá wọ́n rì í nígbà púpọ̀ tàbí wọ́n rì í lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè tètè tà. Ẹ ṣí ibi tí fọ́nrán ti kọjá lórí ara wọn, ẹ wo inú rẹ̀. Tí inú bá ṣì funfun bí ẹ̀kọ, aró orí ahọ́n ni.

Wàhálà ẹtù kan ṣoṣo ni pé ó ń ṣí. Lọ́dún àkọ́kọ́, á kun ọrùn yín, á kun ọwọ́ yín, á kun àga tí ẹ jókòó lé. Ẹ má wọ bùbá funfun sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọkùnrin tó wọ ẹtù tuntun gbé ọmọ tuntun jó.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará òkèèrè ti mọ iyì òwú búlúù àti funfun apá ibí. Ní ìlú Ulm ní Jámánì, ẹ̀wù kan wà tí wọ́n gbà láti Allada, nílẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann ti ní in lọ́wọ́ ṣáájú ọdún 1659. Aṣọ òwú yẹn ti lé ní 360 ọdún, ó ṣì wà. Lápá kejì òkun náà, àwọn obìnrin Bahia ní Brazil ń pe òfì ilẹ̀ wa ní pano da Costa, wọ́n sì ń gbé e kọ́ èjìká títí dòní bí ìyá wa ṣe ń gbé ìborùn.

Ṣáínì-ṣáínì àti àwọn òwú ilé-iṣẹ́

Mo mọ̀ pé ibí ni ọ̀pọ̀ yín fẹ́ kí n yára dé, torí òun lẹ máa rà.

Láàárín ọ̀rúndún tó kọjá ni réyọ́nù wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1970 síwájú ni òwú dídán dé, ike tín-ín-tìn-ín tí wọ́n fi àwọ̀ fàdákà tàbí wúrà bò, tí àwọn èèyàn ń pè ní ṣáínì-ṣáínì. Ó sọ aṣọ òkè di aṣọ tí ọmọbìnrin ogún ọdún lè fẹ́ràn. Kí ó tó dé, sányán, àlàárì àti ẹtù ló gbajúmọ̀ jù, àwọ̀ mẹ́ta, àwọ̀ àgbà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ wo ni kò sí? Ẹ lè mú bébà aláwọ̀ àlùbọ́sà lọ bá ahunṣọ, kó bá yín hun ún gẹ́lẹ́.

Àwọn kan máa ń fi ojú tín-ín-rín wo irú aṣọ yìí, pé kì í ṣe ojúlówó. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ọkùnrin tó jókòó sórí òfì ní Ìṣéyìn, tó ń fi ẹsẹ̀ yí i padà, tó ń ju ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe yálà ṣẹ́dà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ike. Fún gèlè ní pàtàkì, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn: ṣáínì-ṣáínì ló dára jù. Ike inú rẹ̀ ń jẹ́ kó dúró níbi tí ẹ bá ká a sí. Gèlè sányán gidi rọ̀, ó wúwo, kí ó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀, ọrùn á sì máa ro ẹni tó wé e.

Àléébù rẹ̀? Ó ń họ ara, pàápàá ní abíyá. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná á yọ́ ọ. Réyọ́nù ní tirẹ̀ kì í fẹ́ omi: tó bá ti tutù, agbára rẹ̀ á dín kù, ẹni tó bá fún un bí ìgbà tí wọ́n ń fún ìlédìí á gbọ́ tí ó ya.

Ní ti léèsì, ẹ̀rọ ló ń ṣe é, ìlú Lustenau ní Austria ni púpọ̀ nínú àwọn tí à ń náwó lé ti wá láti bí ọdún 1960 wá. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, mi ò ní pò ó pọ̀ mọ́ èyí.

Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ká ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí tábìlì níwájú yín. Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn. Sányán ló máa wúwo jù, ẹtù tó hun pọ̀ dáadáa tẹ̀ lé e, àlàárì tuntun tó jẹ́ réyọ́nù fúyẹ́, ti ṣáínì-ṣáínì fúyẹ́ ṣùgbọ́n ó le gan-an.

Ooru ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé èyí tó wúwo ló ń mú ooru jù. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Òwú àti ṣẹ́dà ń fa òógùn, atẹ́gùn sì ń gba ojú ìhun wọn kọjá. Ike kì í fa òógùn. Mo ti bá ọ̀gbẹ́ni kan jókòó níbi ìnáwó, òun wọ agbádá ṣáínì-ṣáínì, èmi wọ ẹtù. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, ó ti bọ́ tirẹ̀ sórí àga. Ṣùgbọ́n ní London lóṣù Kejìlá, ẹtù àti sányán náà ló máa gbà yín sílẹ̀, tí ẹ bá lè gba ìwúwo rẹ̀ nínú àpótí ọkọ̀ òfúrufú.

Fífọ̀: ẹ má fi ìkankan sínú ẹ̀rọ. Ẹtù, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, nínú omi tútù, inú òjìji ni kí ẹ sá a sí. Sányán àti àlàárì àtijọ́, mi ò ní fi omi kàn wọ́n bí kò bá di dandan. Ẹ gbé wọn sí ibi tí atẹ́gùn wà, ẹ gbọn eruku rẹ̀ nù, ẹ ká a. Kòkòrò kékeré ń jẹ ṣẹ́dà, nítorí náà káńfọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan aṣọ náà gangan; ẹ fi aṣọ funfun dì í. Lọ́dún kan, ẹ tú u ká lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tún un ká síbòmíràn, torí ojú ibi tí wọ́n ń ká a sí nígbà gbogbo ni ṣẹ́dà ti kọ́kọ́ ń ya.

Ní ti pípẹ́, ṣebí àwọn àgbà ti sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Agbádá bàbá àgbà tí mo sọ lókè ju ọjọ́ orí mi lọ. Aṣọ òkè réyọ́nù tí èmi àti ìyàwó mi fi ṣègbéyàwó, ọdún méjìlá rèé, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú létí. A wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kan, ó wù wá, ó tó.

Ohun kan wà tó pa gbogbo wọn pọ̀, tí inú mi máa ń dùn sí. Aṣọ tóóró tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bí ínṣì mẹ́rin ni ọkùnrin ń hun lórí òfì, wọ́n á wá rán an pọ̀ létí. Tí ẹni tó ni ín bá sanra, wọ́n á tú ojú rírán kan, wọ́n á fi aṣọ tóóró kan kún un. Kò sí dàmáàskì tó ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ka owó

Ẹ bẹ aláṣọ kó fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ fún yín létí aṣọ. Tó bá kọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ mú fọ́nrán náà jáde síta, ẹ tanná ràn án. Ṣẹ́dà, ìbáà ṣe ti igbó tàbí ti Ṣáínà, á rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á dúdú, á fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Òwú àti réyọ́nù á rùn bí ìwé tó ń jó, eérú wọn á funfun, á fẹ́lẹ́. Pọliẹ́sítà àti ike ṣáínì-ṣáínì á yọ́, á ká jọ, á di kókó líle bí ìlẹ̀kẹ̀.

Iná ò lè ya òwú sọ́tọ̀ sí réyọ́nù, omi ló lè ṣe é. Ẹ fi itọ́ tàbí omi tútù rẹ fọ́nrán náà láàárín, kí ẹ fà á. Réyọ́nù á já níbi tó tutù. Òwú kì í tètè já níbẹ̀, agbára rẹ̀ tiẹ̀ ń pọ̀ sí i nínú omi ni. Ọwọ́ ìyá bàbá mi mọ gbogbo èyí láìsí iná, láìsí omi, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi bí ọgọ́ta ọdún ra aṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo etí méjèèjì aṣọ tóóró náà. Lára èyí tí wọ́n hun lórí òfì, ẹ máa rí ibi tí òwú ti yí padà wọlé, létí ọ̀tún àti létí òsì. Èyí tí ẹ̀rọ hun ní fífẹ̀ tí wọ́n wá gé, etí rẹ̀ á máa tú, tàbí kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ rán an dí.

Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?

Ẹni tó fẹ́ joyè, tàbí tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, tó sì ní ẹ̀wù sányán nínú ìdílé: ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ tún tilé ṣe. Tí kò bá sí nílé, ẹtù tí wọ́n rì dáadáa ni kí ẹ ra fún un, kí ẹ fi owó tó ṣẹ́kù ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn rẹ̀. Òwú aláwọ̀ sányán náà ò burú, ní iye owó òwú.

Ìyàwó àti ọkọ tuntun: àwọ̀ tó bá wù yín ní réyọ́nù, pẹ̀lú ṣáínì-ṣáínì díẹ̀ fún gèlè àti fìlà, kó má jẹ́ gbogbo ara. Tí ìyàwó bá fẹ́ àlàárì, kó béèrè fún pupa tó ní èsè àlùkò nínú, èyí tó pupa bíi tòmátì kì í ṣe òun.

Aṣọ ẹbí fún ọgọ́rùn-ún èèyàn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé owó ẹtù lé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín lórí. Ẹ fún wọn ní gèlè àti fìlà.

Ọmọ tó wà lókè òkun tó fẹ́ kí òun ní ẹyọ kan láti ilé: ẹtù, kó jẹ́ ìborùn tàbí bùbá. Á lè wọ̀ ọ́ lórí ṣòkòtò jín-ínsì, kò ní dúró de ìnáwó.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ìtàdógún-ìtàdógún ni wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè Ọjẹ́ ní Ìbàdàn, tí ẹ bá pàdánù ọ̀kan ẹ máa dúró. Tí ẹ bá sì fẹ́ bẹ ahunṣọ níṣẹ́ ní Ìṣéyìn tàbí Ìlọrin, ẹ gbé àpẹẹrẹ òwú lọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú ìdajì rẹ̀ bọ̀ wálé, kí ẹ lè fi wé aṣọ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á.

Bàbá mi ò wọ aṣọ tí mo rà joyè. Agbádá bàbá àgbà ni wọ́n wọ̀. Ó há wọn níkùn, torí náà télọ̀ tú ojú rírán méjì lápá ọ̀tún àti òsì, ó sì fẹ́ nǹkan tí yóò fi kún un. Inú òfì tí mo rà ló ti gé aṣọ tóóró méjì náà. Tí ẹ bá wo fọ́tò ọjọ́ yẹn láti ọ̀kánkán, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ wo abẹ́ apá wọn: ibẹ̀ ni òwú mi wà, ó dọ́gba, ó sì pọ́n ju ìyókù lọ díẹ̀.